Ìbejì yẹn dára, àmọ́ ara òǹtẹ̀ ni kó wà

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó bi ìbéèrè lọ́jọ́ Ajé, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ní ká bá yín wá orúkọ fún ohun tí àwọn tó ń kó owó onírin jọ ń pè ní doubled die lédè Òyìnbó, ìyẹn owó tí lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ yọ ní méjì nítorí pé méjì ni wọ́n wà lára òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè fi parí àlàyé tí ẹ ń kọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin fúnra yín dábàá "owó atẹ̀lẹ́ẹ̀mejì". Ìyá wa kan ní "owó ìbejì" ló dùn létí jù. Àbúrò wa tó kọ̀wé lálẹ́ àná ní ká máa pe èyí tí ẹ̀rọ bà jẹ́ ní "owó olójìji", kí ẹnikẹ́ni má baà kà á mọ́ ojúlówó. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo ra sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà ọdún 1955 kan nígbà kan. Ohun tí ẹni tó tà á sọ fún mi kò ju pé "àmì rẹ̀ jẹ́ méjì" lọ. Mo gbé e sójú, mo rí i pé 5 tó kẹ́yìn nínú 1955 ní nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé wọ́n tún un kọ. Inú mi dùn, mo sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó, LIBERTY tí wọ́n kọ sára rẹ̀ wà bó ṣe yẹ kó wà, IN GOD WE TRUST tó wà lókè rẹ̀ náà kò ní nǹkan kan, 1 àti 9 àti 5 àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán. 5 ìgbẹ̀yìn yẹn nìkan ló wú, tí etí rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Òǹtẹ̀ tó ti gbó ló fà á. Ẹni tó tà á fún mi kò sì purọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Lójú ẹni tó bá wò ó fìrí, àmì náà jẹ́ méjì lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ń lò ló fẹ̀ jù, tó kó ojúlówó àti àbùkù lásán sínú àpò kan náà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: orúkọ tí a bá mú, kó sọ ibi tí àmì náà ti di méjì.

Ẹnì kan lo "mọ́ọ̀dù" nínú èsì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ká fi mọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún àwọn tó ń da nǹkan. Ohun tó ń ṣàn ni à ń dà sí mọ́ọ̀dù. Owó onírin tí à ń sọ yìí, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́: wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ sáàárín òǹtẹ̀ méjì, ẹ̀rọ á sì fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ti ní òǹtẹ̀ lẹ́nu tipẹ́tipẹ́, kò sẹ́ni tí a fẹ́ tún túmọ̀ rẹ̀ fún. Àmọ́ òǹtẹ̀ náà ní ibi tó ti wá. Irin kan wà tí àmì ara rẹ̀ yọ síta bíi ti owó gan-an, òun ni wọ́n fi ń tẹ òǹtẹ̀ kí àmì lè jìn wọnú rẹ̀. "Ìyá òǹtẹ̀" ni mo máa pe ìyẹn, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni máa bá mi jà lé e lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Láyé ìgbà yẹn, ìtẹ̀ kan kì í tó kí àmì tó jinlẹ̀ dáadáa sínú òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ irin òǹtẹ̀ náà, ṣe ló máa ń le sí i. Wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á sì dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀. Bí kò bá jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, bó ṣe pé ó yí bíńtín péré, àmì kejì kò ní bọ́ sórí àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì á wà lára òǹtẹ̀ náà títí wọn yóò fi gbé e sọ nù, gbogbo owó tó bá sì tẹ̀ ló máa gbé e jáde bákan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ owó ní Philadelphia lọ́dún 1955 nìyẹn. Nǹkan bí 20,000 sí 24,000 irú sẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ aráàlú. Àwọn kan tilẹ̀ bá páálí sìgá jáde: 25 sẹ́ǹtì ni wọ́n ń sọ sínú ẹ̀rọ tó ń ta á, 23 sẹ́ǹtì ni owó rẹ̀, wọ́n á wá ki ṣéńjì sẹ́ǹtì méjì sábẹ́ ọ̀rá páálí náà. Ojú lásán lèèyàn fi ń rí i. LIBERTY, IN GOD WE TRUST àti ọdún, gbogbo wọn ló di méjì kedere, bẹ́ẹ̀ ojú Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà lára sẹ́ǹtì náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan, nítorí àárín ló wà, ohun tó bá yí kì í sún jìnnà láàárín bó ṣe ń sún létí.

Ẹ̀gbọ́n, ìdí tí n kò fi lè gba "atẹ̀lẹ́ẹ̀mejì" nìyí, ẹ má bínú. Wọn kò tẹ sẹ́ǹtì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Owó mìíràn wà tí ẹ̀rọ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní tòótọ́ nítorí pé kò kúrò lójú òǹtẹ̀ lásìkò, ìyẹn ni kí ẹ fi orúkọ yín fún. Ó sì tún kù: àwọn owó dídán tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ń kó owó jọ, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí iṣẹ́ ara wọn lè yọ dáadáa, kò sì sí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ìyá wa, "ìbejì" tí ẹ mú wá dùn mọ́ mi nínú. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Táíwò kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e, kò sì sí èyí tó gba ara lọ́wọ́ èkejì: oníkálukú ló ní orí àti ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí àmì méjì ojúlówó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ gbé T tó wà nínú TRUST sábẹ́ awò. Lẹ́tà náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmì méjèèjì ga, èjìká wọn rí róbótó, níbi igun ẹsẹ̀ tí wọ́n ti pínyà, ẹ máa rí ibi tó ya sí méjì bí ìrù alápàńdẹ̀dẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká ṣí nípò. Ẹ jẹ́ ká gbé ìbejì kúrò lára owó, ká gbé e lé òǹtẹ̀: òǹtẹ̀ ìbejì. Owó tó bá ti ara rẹ̀ jáde á wá jẹ́ owó òǹtẹ̀ ìbejì. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ bí a bá gé òǹtẹ̀ kúrò nítorí àtigé e kúrú, a ti padà síbi tí wọ́n ti ta 5 tó wú fún mi.

Àbúrò wa olójìji, mo mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ yẹn. Tó o bá wo owó tí ẹ̀rọ bà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dà bíi pé nǹkan pẹlẹbẹ kan sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà bí òjìji. Àmọ́ wo bó ṣe débẹ̀. Ohun tó di òǹtẹ̀ mú nínú ẹ̀rọ ti tú díẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn tí òǹtẹ̀ tẹ owó tán, ó gbọ̀n, ó sì fi etí fá ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ síta. Ohun tó ò ń pè ní òjìji yẹn, ara lẹ́tà gan-an ni, tí wọ́n fá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì máa ń dán, tí lẹ́tà tó ṣẹ́kù lókè sì tín-ín-rín ju tẹ́lẹ̀ lọ. Òjìji kì í jẹ lára ẹni tó ni ín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn kọ̀wé lórí fóònù, "ojiji" tí kò ní àmì lè jẹ́ òjìji, ó lè jẹ́ òjijì, ó sì lè jẹ́ ẹja òjìjí.

Mo kọ́kọ́ rò "àfetí" fún un, láti ara fífá etí. Ìgbà tí mo pè é sókè, "fetí sílẹ̀" ni ìyàwó mi gbọ́. Mo wá gbà pé ká sọ ọ́ bí ẹnu ṣe máa ń sọ ọ́: àmì fífá, bí a ṣe ń sọ pé orí fífá. Ẹni tó bá gbọ́ "àmì fífá" ti mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan kúrò, kò sí ohun tó lé.

Ti ẹ̀kẹta kò le. Òǹtẹ̀ tó ti tẹ owó tó pọ̀ jù máa ń jẹ, lẹ́tà ara owó rẹ̀ á wú, etí wọn kò ní mú mọ́. Òǹtẹ̀ gbígbó ni. Kí a má ṣe kà á mọ́ owó gbígbó, èyí tí ọwọ́ àti àpò ti ra. Ríra kì í sọ àmì kan di méjì. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ra ìrù alápàńdẹ̀dẹ̀ yẹn dànù lára ojúlówó, tí èèyàn á fi wá máa wo fífẹ̀ lẹ́tà nìkan.

Ẹnì kan lè bi mí pé, láti àwọn ọdún 1990 tí Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtẹ̀ kan ṣoṣo ṣe òǹtẹ̀, ṣé ìbejì ṣì wà? Ó wà, àárín owó ló sì máa ń sún mọ́. Bí òǹtẹ̀ bá dagun díẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ fara kàn án, kó tó jókòó dáadáa, inú ìtẹ̀ kan náà ni àmì méjèèjì á ti jáde. Inú oyún kan náà kúkú ni ìbejì ti ń wá. "Lẹ́ẹ̀mejì" ni kò lè gba ti òde òní mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, gbólóhùn yín á lè lọ báyìí: "Owó yìí kì í ṣe owó òǹtẹ̀ ìbejì, àmì fífá ló wà lára rẹ̀." Èyí tó kù tí n kò rí orúkọ gidi fún ni ibi tó ya sí méjì ní igun lẹ́tà yẹn. Mo ń pè é ní ìrù alápàńdẹ̀dẹ̀ fún ara mi, àmọ́ ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó parí iṣẹ́ wọn.