Báwo ni kí á ṣe kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ láti ka ìwé ìtàn àròsọ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́?

Olùkọ́ NCE:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn tó ń ṣe NCE (ìwé-ẹ̀rí tí a fi ń di olùkọ́) ní èdè Yorùbá ni mò ń kọ́. Gbogbo wọn ló lè sọ ohun tí àhunpọ̀ ìtàn (bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn ṣe so kọ́ra) àti ìfìwàwẹ̀dá (bí òǹkọ̀wé ṣe gbé ìwà ẹ̀dá ìtàn kalẹ̀) jẹ́, tí wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìdánwò láìtàsé. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ wò wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lásìkò TP, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, àkékúrú orí kìn-ín-ní ni wọn yóò kọ sí ojú pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, aago yóò lù, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣí ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ yìí kan náà ni wọ́n ń fi òru wo fíìmù lórí fóònù, tí wọn yóò sì máa jiyàn lé e lórí ní òwúrọ̀. Kí ni kí n máa ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ mi?

Tíṣà Ìgbèríko:
Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ìwé ìtàn Yorùbá wo ni wọ́n ti kà tán láìjẹ́ pé ìdánwò ló fà á. Ìdáhùn wọn lè bà yín nínú jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Lápàdé, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló ń tọpasẹ̀ ọ̀daràn níbẹ̀, ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn irú rẹ̀. Ìwé kì í kárí ní kíláàsì tiwa, nítorí náà, kí olùkọ́ kà á sókè, kí ó dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì ní kí oníkálukú kọ gbólóhùn méjì lórí ohun tó rò pé Lápàdé yóò ṣe. Wọn yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣí i padà ni! Àmọ́ mímọ ibi tí ó yẹ kí á dúró kì í ṣe ohun tí à ń bá pàdé lójijì. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti ka orí náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nílé, kí ó sì ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ibẹ̀.

Ìyá Ìkàwé:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka ojú ìwé kan sókè láìkọsẹ̀ lórí àmì ohùn. Ẹ ní kí wọ́n máa kà á síra wọn létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì fi Fágúnwà ṣáájú (mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí mi): ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wà láti 1938, gbólóhùn rẹ̀ a máa gùn, àkọtọ́ àtijọ́ ló sì wà nínú ẹ̀dà tí a ní nílé-ìkàwé tiwa.

Ó Le Kú ni ìdánwò gidi. Ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 yìí dá lórí Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn, tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe ségesège láàárín Aṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ọmọ SS2 yóò béèrè ìbéèrè tí ojú yóò ti olùkọ́ tí kò tíì ju ọdún 21 lọ láti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí dánra wò ní kíláàsì yín: kí ẹnì kan ṣe òbí tó bínú wọlé pé, “Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọmọ mi ní ìfẹ́ kíkó?”, kí èkejì sì dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìpa ìwé náà tì.

Alábòójútó:
Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba fọ́ọ̀mù máàkì tí a fi ń wọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lásìkò TP. Èyí tí èmi ń lò ní máàkì fún nóòtì, fún ìmúra àti fún ìlò pátákó, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan fún bóyá àwọn ọmọ sọ èrò tiwọn nípa ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n yóò kọ àkékúrú sójú pátákó, nítorí ibẹ̀ ni máàkì wà.

Olùkọ́ NCE:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí ni n óò kọ́kọ́ gbé lọ sí ìpàdé ẹ̀ka wa, nítorí èmi náà ń buwọ́ lù ú. Ìyá Ìkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí ẹni tí yóò ṣe òbí náà ti ka ìwé ọ̀hún ni, àbí kí ó má kà á?