Kérésì lọ́dọ̀ àwọn aláìgbọlọ́rungbọ́ àdúgbò: ta ló ti bá wọn lọ rí?

Àdùkẹ́, Leeds: Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ó ti pé ọdún méjì tí mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, màámi n'Íbàdàn ò sì tíì gbọ́. Kérésì tó kọjá, indomie ni mo sè, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni mo ti sùn. Mo wá rí ẹgbẹ́ kan lórí Meetup, ìkànnì tí wọ́n fi ń wá ẹgbẹ́: àwọn aláìgbọlọ́rungbọ́ àti humanist (àwọn tó gbà pé èèyàn lè hùwà rere láìsí ẹ̀sìn) ládùúgbò wa. Wọ́n fẹ́ jẹun ní páàbù; lọ́jọ́ 21 December, oníkálukú á gbé oúnjẹ wá; wọ́n á tún rìn lọ sí igbó lọ́jọ́ kejì Kérésì. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Àbí wọ́n á ní kí n dìde kí n bú Ọlọ́run?

Ẹ̀gbọ́n Sheffield: Àdùkẹ́, fọkàn balẹ̀. Ọdún kẹfà mi rèé pẹ̀lú ẹgbẹ́ ti ìlú wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti kó àríyànjiyàn sẹ́nu lọ. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó, bọ́ọ̀lù àti owó gáàsì ni wọ́n ń sọ. Ẹnì kan bi mí pé ìjọ wo ni mo wà tẹ́lẹ̀. Mo ní Kérúbù. Òun náà ní Kátólíìkì lòun. A rẹ́rìn-ín, ó tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ páàbù: tètè san owó àsansílẹ̀, kó o sì yan oúnjẹ rẹ sílẹ̀, torí àyè máa ń kún ní December. Wọ́n tún ní àṣà kan, pé ẹnì kan á dìde ra ọtí fún gbogbo tábìlì, ó di ọwọ́ ẹlòmíì. Tápò rẹ ò bá gbà á, tètè sọ pé tìrẹ nìkan lo máa rà. Wọn ò ní bínú. Omi ọsàn ni mo ń mu láti ọdún yìí wá, ẹnikẹ́ni ò bi mí nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ 21 ni mo fẹ́ràn jù. Òun ni ọ̀sán kúrú jù lọ́dún, agogo mẹ́rin ò ní tíì lù tí ilẹ̀ á ti ṣú. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀sán á bẹ̀rẹ̀ sí gùn padà, ìyẹn ni wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Wọ́n á tan àbẹ́là, ẹnì kan á ka ewì, a ó jẹun. Àkàrà ni kó o gbé lọ! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jẹ ẹran, àwọn míì ò fẹnu kan ẹyin tàbí wàrà, àkàrà ò sì ní ìkankan. Kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí bébà: ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀, òróró. Sùyà ni mo gbé lọ lọ́dún àkọ́kọ́, mi ò rántí pé ẹ̀pà wà nínú yájì. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin kan tó béèrè kí ó tó bù ú sẹ́nu. Ẹ̀pà lè pa á.

Mummy Bradford: Ẹ gbà mí o! Ẹgbẹ́ orí ẹ̀rọ wa yìí tí a dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ físà àti ilé gbígbà, ẹ ti fẹ́ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run. Ọmọ Yorùbá wo ni kì í gbàdúrà? Àdùkẹ́ ọmọ mi, wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìrẹsì wà, ẹran wà.

Ẹ̀gbọ́n Sheffield: Mummy, ẹ má bínú. Tai Solarin, aláìgbọlọ́rungbọ́ tó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́ ní 1956 ńkọ́? Ọmọ Yorùbá kọ́ ni?

Mummy Bradford: Mayflower lèmi gan-an ti jáde. A roko, a fọ ilé ìwé. Mo ṣì ń gba àdúrà mi.

Nọ́ọ̀sì Hull: Mummy, èmi náà ò fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta ni arákùnrin kan ní wọ́ọ̀dù wa ti ń gba iṣẹ́ ọjọ́ 25 December lọ́wọ́ mi kí n lè lọ ìsìn. Aláìgbọlọ́rungbọ́ ni. Ó ní ọjọ́ náà ò já mọ́ nǹkan kan lójú òun, àfi owó tó lé lórí rẹ̀.

Mummy Bradford: Ẹni yẹn, Ọlọ́run á bù kún un. Ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Káyọ̀dé, London: Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Reluwé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ 25, bọ́ọ̀sì London náà kì í jáde, ọjọ́ 26 sì máa ń le. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pàdé, kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ní mọ́tò. Àwọn aláìgbọlọ́rungbọ́ àdúgbò tiwa níbí máa ń lọ bá Crisis, ẹgbẹ́ aláàánú kan, tọ́jú àwọn aláìnílé nígbà Kérésì. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ dá jókòó, ṣùgbọ́n ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kí December tó dé. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ ní ẹ̀sìn rẹ. Mùsùlùmí lèmi, mo ti bá wọn fọ abọ́ rí.

Ìrìn igbó yẹn ńkọ́? Tí òyìnbó bá ní "ìrìn kékeré", máìlì mẹ́jọ ni! Bàtà tó le ni kó o wọ̀, ẹrẹ̀ á mu ọ́ dé kókósẹ̀. Mo wọ kánfáàsì funfun lọ, mo ju ú nù níbẹ̀.

Bàbá Newark: Níbi tiwa ní New Jersey, àwọn humanist ní ọdún tiwọn, HumanLight, ọjọ́ 23 December. Níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 2001. Àbẹ́là mẹ́ta ni wọ́n ń tàn: ọ̀kan fún làákàyè, ọ̀kan fún àánú, ọ̀kan fún ìrètí. Àwọn ọmọdé ló ń tàn án. Ìyàwó mi tó jẹ́ díákónì bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan, kéèkì wọn ló bá jà níbẹ̀.

Àdùkẹ́, Leeds: Ẹ ṣé gan-an o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni fọ́tò. Tí màámi bá rí i ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Sheffield: Gbàrà tó o bá débẹ̀, sọ fún ẹni tó ń darí wọn pé o ò fẹ́ kí fọ́tò rẹ jáde. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé wọn ò gbọ́. Lórí Meetup, lọ sí ètò rẹ kó o fi àwọn ẹgbẹ́ tó o wà pamọ́. Ti Facebook ló burú: tí ayẹyẹ bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tó o tẹ̀ ẹ́ pé ò ń lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè rí i. Bí àbúrò bàbá mi l'Ágége ṣe mọ tèmi nìyẹn. Agogo márùn-ún àárọ̀ ló pè.

Àdùkẹ́, Leeds: Háà! Mi ò ní tẹ nǹkan kan o. Ẹ̀wà olójú dúdú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, ṣé ó ṣe é fi dín àkàrà? Èyí tí mo dín lóṣù tó kọjá le bí òkúta.

Mummy Bradford: Ó ṣe é. Rẹ ẹ́ dáadáa, kó o bó gbogbo èèpo rẹ̀. Omi tó o fi ń lọ̀ ọ́ ló pọ̀ jù. Díẹ̀ báyìí ló ń fẹ́. Po ó títí á fi fúyẹ́, iyọ̀ di ìgbà tí òróró bá ti gbóná. Lọ́jọ́ 20, pè mí kí n wò ọ́ lórí fídíò.