Ọwọ́ ọ̀tún lọmọ mi ń lò, ṣé ọ̀pá họ́kì "right" ni kí n rà fún un?

ÌyáDémi:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ họ́kì orí yìnyín, wọ́n ní kó mú ọ̀pá tiẹ̀ dání. Mo débi tí wọ́n ti ń tà á, mo rí i pé wọ́n kọ left sára àwọn kan, wọ́n kọ right sára àwọn tó kù. Ọwọ́ ọ̀tún lọmọ yìí fi ń jẹun, òun ló fi ń kọ̀wé, òun náà ló fi ń ju bọ́ọ̀lù, mo bá ní kí n kúkú mú right kí n máa lọ, àmọ́ ẹni tó ń tajà ní left ló yẹ ẹ́, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò!! Àbí ọjà tí ò tà ni wọ́n fẹ́ dì fún mi ni?

Kóòṣì_Àgbà:
Rárá ma, wọn ò tàn yín jẹ. Ọwọ́ tó máa wà nísàlẹ̀ lára ọ̀pá ni wọ́n ń pè ní left àbí right yẹn, kò kan ọwọ́ tí ọmọ fi ń kọ̀wé. Tó bá jẹ́ left, ọwọ́ òsì wà nísàlẹ̀, ọ̀tún wà lókè pátápátá. Ọwọ́ òkè yẹn gan-an lọ̀gá o, òun ló ń yí ọ̀pá síbí sọ́hùn-ún tọ́mọ bá ń da pọ́ọ̀kì (ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá) lọ, tó bá sì fẹ́ na ọ̀pá jìnnà láti fi gba pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹlòmíì, ọwọ́ òkè nìkan ló máa fi dì í mú. Ìdí nìyẹn táwa kan fi ń ní kí ọwọ́ tó já fáfá wà lókè. Gretzky àti Crosby tí wọ́n gbajúmọ̀ gan-an nídìí họ́kì orí yìnyín, left làwọn méjèèjì.

AbẹSíkéètì:
Ọ̀gá, Ovechkin ńkọ́? Right ni, òun náà ló sì kọjá Gretzky lọ́dún 2025, kò sẹ́ni tó gbá pọ́ọ̀kì sáwọ̀n tó o nínú NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní Kánádà left ló pọ̀ jù, ní Amẹ́ríkà right pọ̀ ju ti Kánádà lọ dáadáa, ṣé ọwọ́ àwọn ọmọ wọn yàtọ̀ síra ni? Lójú tèmi, ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi lé ọmọ lọ́wọ́ ló máa ń mọ́ ọn lára. Ìyá Démi, ẹ wá ọ̀pá ọmọdé tí ẹnu rẹ̀ ò tẹ̀ síbì kan, ẹ fi sílẹ̀ gbọọrọ níwájú ẹ̀, ẹ má nà án sí i lọ́wọ́ o, torí ọwọ́ tẹ́ ẹ bá nà án sí ló máa fi gbà á. Ẹ ní kó máa ti bọ́ọ̀lù kiri, kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ máa wòran. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíì, ẹ fún un ní ṣọ́bìrì tàbí ìgbálẹ̀ olópòó gígùn náà kẹ́ ẹ wo ọwọ́ tó ń gbé sókè.

Pápá_Tútù:
Ẹ sáà rí i dájú pé ti orí yìnyín ni o. Họ́kì orí pápá ò ní left rárá, òfin ò gbà á, ojú kan ṣoṣo tó tẹ́jú lára ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá a, ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì náà á kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni.

ÌyáDémi:
Ti orí yìnyín ni. Mo ti dán an wò, ọwọ́ òsì ló ń gbé sókè ní gbogbo ìgbà, àti ọ̀pá àti ìgbálẹ̀! Right náà nìyẹn, àbí? Ṣé kí n ra èyí tó gùn díẹ̀ kó lè lò ó pẹ́?

Kóòṣì_Àgbà:
Right ni ma, ẹ jẹ́ kó máa lò ó bó ṣe bá a lára, mo gbà fún AbẹSíkéètì. Àmọ́ ẹ má ra gígùn o jàre, ọ̀pá tó gùn jù ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ òkè ráyè kọjá níwájú ikùn. Tí ọmọ ò bá wọ síkéètì, bàtà orí yìnyín, kí ọ̀pá dé imú ẹ̀, tó bá wọ̀ ọ́, kó dé àgbọ̀n ẹ̀. Tó bá ṣì gùn, lókè ni kẹ́ ẹ ti gé e.