Ẹni tó wà nínú ẹyẹ Sesame Street

Bàbá Àkànbí, Òkè-Fíà:
Lánàá, ọmọ mi ń wo Big Bird, ẹyẹ gíga pupa rúsúrúsú ti Sesame Street, ètò tẹlifíṣàn àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, lórí fóònù mi. Mo bá ṣàlàyé fún un pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Caroll Spinney ló ń ṣe ẹyẹ náà láti ọdún 1969 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2018, àti pé òun náà ni Oscar, ọmọlangidi onínú fùfù tó ń gbé inú garawa ìdọ̀tí. Ẹkún ni ọmọ bú sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ irú aṣọ ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ṣeré rí, kí ni ojú yín rí?

Ìyá Ìbejì:
Kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún yín tí ẹ fi tú àṣírí?

Tísà Ìgbọ̀nà:
Èmi ti wọ aṣọ adìyẹ rí, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé ìtajà kan nítòsí Olú-Òde. Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú, n kò sì rí ọwọ́ fi nù ún. Ọmọ kan fa ìrù mi. Bí mo ṣe ní kí n yíjú sí i, inú gọ́tà ni mo bá ara mi, àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Nígbà tí mo wá kà nípa Spinney, mo gbà fún un: ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń nà sókè kọjá orí láti máa la ẹnu ẹyẹ náà, ọwọ́ òsì wà nínú apá kan, okùn ìpẹja ló sì so apá kejì mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sọ̀ kalẹ̀, èkejì á gòkè. Kò rí ìta rárá. Tẹlifíṣàn kékeré tí wọ́n dè mọ́ ọn láyà ló fi ń mọ ibi tó ń lọ.

Àlàbí:
Ṣé omi wà nínú gọ́tà náà?

Tísà Ìgbọ̀nà:
Omi nìkan kọ́.

Ọmọ Alágbàáà:
Ìyá Ìbejì ló jàre. Ní agboolé tiwa, ará ọ̀run ni, a kì í dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú.

Àlàbí:
Ẹ má fi ọmọlangidi wé egúngún o.

Bàbá Àkànbí, Òkè-Fíà:
Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Wọ́n máa ń fi okùn fa ère orí òmíràn kí ó lè máa mì, gbogbo ìlú sì mọ ẹni tó gbé e, síbẹ̀ wọn kò torí ìyẹn yé wò ó.

Ìyá Ìbejì:
Àgbàlagbà ni wọ́n ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láìsunkún. Zobi ti Sesame Square, Sesame Street ti Nàìjíríà tiwa, awakọ̀ takisí tó fẹ́ràn iṣu, ni àwọn ọmọ mi mọ̀, n kò sì ní sọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀ fún wọn láéláé.

Tísà Ìgbọ̀nà:
Awakọ̀ takisí kan ní New York náà ni Spinney ti rí ohùn Oscar gbà.

Bàbá Àkànbí, Òkè-Fíà:
Ọmọ ti dákẹ́. Mo sọ fún un pé nígbà tí ara baba náà kò dúró déédéé mọ́, ní 2015, ó gbé aṣọ ẹyẹ náà fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta sí i. Ó wá ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè títí eré yóò fi parí. N kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Tísà Ìgbọ̀nà:
Mẹ́rin náà pọ̀.