Ẹ bá mi dá sí i: mo ní kí ará ilé mi máa gbé irin, wọ́n ń sá fún mi

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú mi kò dùn, ìdí nìyí tí mo fi wá kọ ọ́ síbí. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, kò jìnnà sí ọjà Ouando. Soudeur ni mí, irin ni mò ń jó. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbé irin fún ìlera. Mi ò san owó fún salle kankan, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń gbé irin, èmi fúnra mi ni mo ṣe gbogbo irin mi. Mo po sìmẹ́ńtì, mo rọ ọ́ sínú agolo tòmátò, mo ki páìpù bọ àárín. Èyí tó fúyẹ́ jù jẹ́ kílò 3, èyí tó wúwo jù jẹ́ kílò 20. Mo tún jó àga gbọọrọ kan tí èèyàn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ lé lórí, mo fi fóòmù ìjókòó mọ́tò tẹ́ ẹ. Bí mo bá fẹ́ ta àga yẹn, mi ò ní gbà tó bá dín ní 40,000 CFA.

Ará ilé mi ni mo ṣe é fún. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní òun kò fẹ́ di ọkùnrin. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin tí a jọ ń dá àjọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló wá, ó wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní gbogbo ara ń ro òun, ó ti padà sídìí sodabi, ògógóró wa. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún dá ọ̀rọ̀ irin sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, òun á gbé àwo òun wọ yàrá. Ti ìyá mi ló dùn mí jù. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kò wá mọ́. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí, wọn kì í wò mí lójú, wọ́n á kàn máa ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Àlàáfíà wọn ni mò ń wá o! Kí ni kí n ṣe kí wọ́n tó gbọ́ tèmi?

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni ọdún mélòó ni ìyá? Ṣé kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn? Ẹ sọ iye tí ẹ ó ta àga, ẹ ò sọ ìyẹn. Kí ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Ìyá mi ń gún iyán, ó ń ru iṣu bọ̀ láti oko, ó pọn ọmọ méje. Irin wo ló tún kù tí yóò gbé? Ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ló ń gbé sìmẹ́ńtì sókè tó tún ń gbé e sílẹ̀. Ẹ fún ìyá ní oko kékeré kan, kí ẹ sinmi.

Aránṣọ, Pobè
Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ìgbà wo ni ìyá yín gún iyán kẹ́yìn? Ìyá tèmi náà gún un títí, ṣùgbọ́n láti bí ọdún márùn-ún, àwọn ọmọ-ọmọ ló ń gún un fún wọn. Bí wọ́n bá jókòó lórí àpótí báyìí, èèyàn méjì ló ń fà wọ́n dìde.

Èmi fúnra mi, ìdí máṣíìnì ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yìn dùn mí fún ọdún mẹ́rin. Mo fi òrí pa á, mo mu àgbo, mo ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú mọ́tò. Obìnrin kan tó ń kó aṣọ wá fún mi rán ló kọ́ mi pé kí n rọ iyanrìn sínú ike omi lítà kan ààbọ̀ méjì, kí n dì wọ́n mú, kí n máa tẹ̀ ba láti ìbàdí kí n sì máa nà dìde, kí ẹ̀yìn má ká. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ń sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí: kò pè mí wá sílé rẹ̀. Ó kàn ṣe é lójú mi, ó sì lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ìyá mi ṣì ń gún un. Ẹ wá wò ó.

Kiné, Kútọnu
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi ni: kinésithérapeute ni mí, eré ìdárayá ni mo fi ń tọ́jú ara èèyàn. Iyán gígún dára, ẹrù rírù náà dára. Ṣùgbọ́n odó ọdún yìí náà ni odó èṣí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ odó rẹ̀. Ohun tó bá ti mọ́ ara lára kì í fi agbára kún un mọ́. Ti irin ni pé ẹ lè fi díẹ̀ kún un bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Iṣan ara wa máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ní ti obìnrin, egungun náà máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tó bá ti lé ní 65 tún ní láti fi ti ìdúró-má-ṣubú kún un, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀.

Kò sí ìgbà tó pẹ́ jù. Ní Boston ní 1990, wọ́n fi irin gbígbé kọ́ àwọn arúgbó mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 86 sí 96. Mẹ́sàn-án ló ṣe é parí. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8, agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn wà lórí wọn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, kò sì gbọdọ̀ di èémí mú nígbà tó bá ń gbé irin, nítorí ìyẹn máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì. Ẹ dá Ìyá Ìbejì lóhùn.

Àbẹ̀kẹ́, Ṣàkété
Ní ti ẹ̀gbọ́n yín tó ń bẹ̀rù pé òun á di ọkùnrin, ẹ fi àwòrán Adijat Olarinoye hàn án, ọmọ Nàìjíríà tó gba góòlù irin gbígbé nínú ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022. Ìsọ̀rí kílò 55 ló wà, irin tó gbé lápapọ̀ jẹ́ kílò 203. Ṣé ọkùnrin ni? Omi ara tó ń mú iṣan ọkùnrin wú kò pọ̀ lára obìnrin. Èmi ti ń gbé irin láti ọdún méjì, búbà mi àtijọ́ ṣì ń wọ̀ mí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an, pàápàá Kiné. Màá fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ yìí.

Ìyá ti pé ẹni ọdún 64. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ara wọn le, wọ́n ṣì ń lọ ọjà. Ẹ má rò pé agídí lásán ni mò ń ṣe. Ní èṣí, bàbá wa yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn dá. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń gbé wọn yí ẹ̀gbẹ́. Ọkùnrin tó ti gbé mi lé èjìká rí, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ọmọdé. Wọn kò dìde mọ́. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, bí ìyá bá ti wọ balùwẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí wọ́n á fi jáde.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má bínú sí ohun tí mo kọ lókè.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á dá ìyá sí. Ìgbà kejì rèé tí mo ń béèrè: kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Àjàṣẹ́
Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé kílò 8 fún wọn, wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò rẹ̀ wọ́n. Orí wọn dá! Mo tilẹ̀ ya fídíò rẹ̀, mo fi sórí status mi àti sí group ẹbí, kí àwọn ọ̀lẹ yòókù lè rí ohun tí ìyá ẹni ọdún 64 ń ṣe. Gbogbo èèyàn ló ń yìn wọ́n.

Kiné, Kútọnu
Kílò 8 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, láìwọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí wọ́n fi irin sílẹ̀ ná. Kí wọ́n jókòó lórí àga tó fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n máa dìde láìfọwọ́ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é. Ẹsẹ̀ ló ń gbé èèyàn jáde ní balùwẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Kiné, ẹ dúró ná. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ṣé o gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí o tó ya fídíò? Kí ni wọ́n wọ̀?

Àbẹ̀kẹ́, Ṣàkété
Ìyá wa, kí ni ti aṣọ ti jẹ́ níbẹ̀? Fídíò irú ẹ̀ ló mú èmi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Fídíò ẹni tó fúnra rẹ̀ fi síta lo rí. Jẹ́ kó dáhùn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Àjàṣẹ́
Mi ò béèrè. Wọn kò mọ̀ pé mò ń yà á. Wọ́n ti ṣí gèlè, wọ́n ká ìró dé orúnkún kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Inú ọgbà wa ni, mi ò rò ó sí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ẹbí ló gbé e lọ sí group àwọn ìyá ní mọ́sálásí. Ẹnì kan fi ìlù sí i, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń jó. Ìyá ni Ìyá Ẹgbẹ́ níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò lọ sí ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi ní nítorí fídíò yẹn ni òun kò ṣe ní dé ọgbà mi láé. Mo rò pé ó kàn ń wá àwáwí ni.

Aránṣọ, Pobè
Háà.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ọmọ mi, ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ìyá tó pé ẹni ọdún 64, opó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní èṣí, o wá ṣí orúnkún rẹ̀ fún àna àti ẹgbẹ́ wò. Irin kọ́ ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n ti gbé irin rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá! Lọ dọ̀bálẹ̀. Má mú agolo kankan dání, má dá ọ̀rọ̀ ìlera sílẹ̀. Kí o pe ìyàwó ẹbí yẹn, kí o bẹ̀ ẹ́ kó lọ pa á rẹ́ níbi tó gbé e sí.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Kó mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan dání. Kó má dá lọ.

Àbẹ̀kẹ́, Ṣàkété
Mo gba ti Ìyá Ìbejì. Ẹ dárí jì mí, ìyá wa.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Àjàṣẹ́
Mo lọ láàárọ̀ yìí, èmi àti àbúrò bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹkún ni mo bú sí. Wọ́n ti pa fídíò náà rẹ́ nínú group mọ́sálásí, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tó ti fi pamọ́. Ìyá kò dá mi lóhùn. Àbúrò bàbá mi ló ní kí n dìde, ó ní kí a tún padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí mo ti ń jáde, mo rí i tí wọ́n di apá àga mú kí wọ́n tó lè dìde. Kiné, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yín wà ní Àjàṣẹ́ níbí? Ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi lè mú wọn lọ bá, kí n má sí níbẹ̀.