Ilẹ̀ abẹ́ igi gáwò dúdú ju ti oko yòókù lọ. Kí ló fà á?

Àgùnbánirọ̀ Daura:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Daura ní ìpínlẹ̀ Katsina ni mo ti ń sìnrú ìlú, ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Bàbá onílé mi dá igi gáwò (igi ẹlẹ́gùn-ún kan, orúkọ Hausa ni; Faidherbia albida) méje sí àárín oko ọkà gero rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo fi ọkọ́ gbẹ́ abẹ́ ọ̀kan: iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó dì mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rin ìṣísẹ̀ bí ogún, mo tún gbẹ́: yanrìn pupa lásán, ó ń yọ́ bọ́ láàárín ìka mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ń sá òòrùn síbẹ̀ ni. Ṣé òun nìkan ni? Mo gbọ́ pé igi ilẹ̀ gbígbẹ ń kó kábọ́ọ̀nù, èròjà inú ewé àti igi tó ń mú ilẹ̀ dúdú, sínú ilẹ̀.

Bàbá Aláṣọ:
Ọmọ mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ò parọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta aṣọ ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, oko àwọn oníbàárà mi ni mo ti kọ́ ọ. Wo gáwò yẹn dáadáa: nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń rúwé, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ó wọ́wé. Kò ṣíji bo gero, ewé rẹ̀ sì ń jẹrà sí ìdí rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tí igi fà nínú afẹ́fẹ́ ló ń bá ewé wọlẹ̀ yẹn. Gbòǹgbò tó bá kú nísàlẹ̀ ń fi tirẹ̀ kún un. Eruku àti pàǹtí tí ọyẹ́ ń gbé kiri, abẹ́ igi ló ń há sí.

Má fojú pa igi kéékèèké rẹ́ o. Àwọn onímọ̀ yẹ sàbárà, igi kékeré kan tó ń hù nínú oko (Guiera senegalensis), wò ní Senegal: lóru, gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn ìtòsí ń rí mu. Igi yẹn gan-an làwọn kan ń gé, tí wọ́n ń sun kí òjò tó dé! Ohun tí ẹ̀ka àti ewé ti kó jọ bá èéfín lọ láàárín wákàtí kan. Ó máa ń dùn mí wọra.

Ní 1983, Tony Rinaudo, ọmọ Australia, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbẹ̀ Maradi lo ọgbọ́n mìíràn: kí wọ́n yéé dààmú lórí igi gbígbìn tó ń kú, kí wọ́n tọ́jú èyí tó ń hù láti ara kùkùté. Ó ti tàn dé nǹkan bí hẹ́kítà mílíọ̀nù 5 ní Niger.

Ọmọ Ìbàdàn l'Árísónà:
Ẹ kú àlàyé, sà. Mo fẹ́ fi kan kún un: kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 wo pápá koríko tí igi kéékèèké ti gbà ní Amẹ́ríkà. Níbi tó gbẹ, kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ pọ̀ sí i. Níbi tí òjò ti pọ̀, ó dín kù. Àbúrò, má ṣe fi ìdí igi kan ṣírò gbogbo oko. Gbẹ́ ìdí igi, gbẹ́ etí òjìji, gbẹ́ gbangba, kí jíjìn wọn bá ara wọn mu.

Àgùnbánirọ̀ Daura:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kó iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá mẹ́sàn-án. Mo sì bá bàbá onílé sọ̀rọ̀ nípa sàbárà mẹ́rin tó wà lẹ́bàá kànga. Wọ́n ní a ò ní sun ún lọ́dún yìí.