"Ìjẹrà" kọ́ ni: orúkọ tí a ó fún ènsáìmù

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá wa láti Ọ̀yọ́ ní kí a máa pe ènsáìmù, èròjà inú ohun abẹ̀mí tí Òyìnbó ń pè ní "enzyme", ní "amúǹkanjẹrà", kí ìpalára tó ń bá a wá sínú ọpọlọ sì jẹ́ "ìjẹrà ọpọlọ". Mo tọrọ gáfárà, sà, n ò fara mọ́ ọn. Ohun tó bá jẹrà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ènsáìmù kàn ń mú iṣẹ́ tí ìbá falẹ̀ yá ni, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀.

Ẹ bi àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Nínú ẹ̀gẹ́, ọ̀tọ̀ ni linamarin, èròjà tí oró fara pamọ́ sí, wà, ọ̀tọ̀ ni ènsáìmù tó ń tú u wà. Ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tó pàdé, tí sáyánáìdì, oró náà, jáde. Ẹni tó dì í sápò, tó gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan, tó wá yan án, sáyánáìdì á bá omi àti ooru lọ. Ẹni tó kánjú á fi oró sílẹ̀ nínú oúnjẹ. Ènsáìmù kan náà ló ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni MAO-B, ènsáìmù kan nínú ọpọlọ, ṣe rí. Dópámìnì, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn, ló ń tú, iṣẹ́ rere sì ni. Pàǹtí tó ń ti ibẹ̀ jáde ló lóró: èròjà kan tó ń jẹ́ DOPAL, àti háídrójìn pẹ́rọ́sáìdì, èyí tó máa ń hó lójú egbò. Ọpọlọ ní ohun tó fi ń gbá wọn dànù. Bí pàǹtí bá pọ̀ ju agbára agbálẹ̀ lọ, àwọn onímọ̀ gbà pé ó lè wà lára ohun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ara gbọ̀n, tó sì ń mú un le.

Ní 1982, ní California, àwọn ọ̀dọ́ kan gún hẹroíìnì àtọwọ́dá (oògùn olóró) tí èròjà kan tó ń jẹ́ MPTP wà nínú rẹ̀ sára, wọ́n sì gan bí igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé MAO-B ló sọ MPTP di oró mìíràn, MPP+, MPP+ yìí ló sì pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọn. Kí ló jẹrà níbẹ̀? MAO-B kò tilẹ̀ tú nǹkan níbẹ̀, ńṣe ló pa MPTP dà. Nítorí náà "atúǹkan" tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ rò kò tó.

"Ìwúkàrà-ara" tí ẹnì kan dábàá dùn mọ́ mi, torí "nínú ìwúkàrà" ni Wilhelm Kühne ará Jámánì fi èdè Gíríkì sọ nígbà tó dá ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ búrẹ́dì ni àwọn ọmọ wa máa rò.

Tèmi ni "amúṣẹ́yá", kí ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́ sì jẹ́ "pàǹtí amúṣẹ́yá". Bí ẹ bá ní ó jọ orúkọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń polówó ní gáréèjì, mo gbà. Ẹ mú èyí tó dára jù wá.